Àláàmù dún, ọmọ ṣubú: ìbéèrè yín lórí pọtáṣíọ̀mù àti ẹnu bodè ara

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, àmọ́ èyí àkọ́kọ́ yìí, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó lè gbé bírò, torí náà òun ló máa gba àyè tó pọ̀ jù, ẹ má bínú. Àwọn mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ibi kan náà ni gbogbo wọn forí lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó kọ wọ́n ò mọra wọn rí.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 16. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lóṣù tó kọjá, àláàmù fóònù ẹ̀ dún ní aago márùn-ún àbọ̀, èyí tó fi máa ń jí kàwé, bó ṣe ní kóun dìde báyìí ló ṣubú, ojú ẹ̀ yí padà, ó ń gbọ̀n, ó tọ̀ sára, ká tó mọ ohun tá a máa ṣe ó ti lajú ó ń bi mí pé màmá kí ló dé. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, àrá ló sán lóru, ó ta gìrì dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣubú, ó tán. Wọ́n ní àbíkú ni, wọ́n ní ayé ni. Èyí tó kù yìí, a ti gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì, ó ti lo oògùn wárápá fún ọdún kan gbáko, kò gbọ́. Dókítà kan ló wá ní ká lọ yẹ ọkàn ẹ̀ wò, wọ́n so wáyà mọ́ ọn láyà, wọ́n ní long QT ni, wọ́n ní pọtáṣíọ̀mù ni ò rí ọ̀nà jáde dáadáa nínú ọkàn ẹ̀. Pọtáṣíọ̀mù tí mo mọ̀, inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wà. Ṣé kó má jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ ni? Àǹtí, ṣé ọmọ mi ò ní kú báyìí? (Ìyá kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ìyá mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Èyí tó lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, ẹ ò ní rí irú ẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́: àìsàn yìí ní ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ tó ní in tó ń lo oògùn ẹ̀ bó ṣe yẹ ló ń ṣiṣẹ́, tó ń lọ́kọ láya, tó ń bímọ. Ewu tó tóbi jù nínú ẹ̀ ni kí wọ́n má mọ̀ pé òun ni. Dókítà tó ní kẹ́ ẹ lọ yẹ ọkàn wò yẹn, ẹ máa rántí ẹ̀ nínú àdúrà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, kó máa jẹ ẹ́, mo ń padà bọ̀ sórí ẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi mọ gbogbo ara wa, ohun tíntìntín tójú lásán ò lè rí, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sì dà bí ìlú àtijọ́ tó ní odi yíká. Pọtáṣíọ̀mù ló kún inú ìlú, sódíọ̀mù inú iyọ̀ tá a ń jẹ ló pọ̀ lẹ́yìn odi. Tí wọ́n bá wọn pọtáṣíọ̀mù inú sẹ́ẹ̀lì ó máa ń tó 140, èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn odi ò ju bíi 4 lọ, torí náà ojoojúmọ́ ni pọtáṣíọ̀mù ń wá ọ̀nà àtijáde. Àmọ́ kò lè fo odi. Ẹnu bodè ló máa gbà, bodè kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹni tó ń gbà kọjá. Bodè pọtáṣíọ̀mù, pọtáṣíọ̀mù nìkan ló mọ̀.

Ohun tó ya àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lẹ́nu fún ọ̀pọ̀ ọdún ni pé sódíọ̀mù kéré sí pọtáṣíọ̀mù, kí ló wá dé tí kékeré ò lè gba ibi tí ńlá ń gbà? Roderick MacKinnon ní New York ló fi àwòrán bodè yẹn hàn lọ́dún 1998, lára kòkòrò bakitéríà inú ilẹ̀ ló ti mú un, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ ní 2003. Ohun tó rí rèé. Gbogbo wọn ló wọ agbádá, omi ló rọ̀ mọ́ wọn lára bí agbádá, ẹnu bodè sì tóóró, aláagbádá ò lè kọjá níbẹ̀. Pọtáṣíọ̀mù á bọ́ tiẹ̀ sílẹ̀ torí pé ògiri inú bodè ń dì mọ́ ọn gẹ́lẹ́ bí omi ṣe dì mọ́ ọn, kò pàdánù nǹkan kan. Sódíọ̀mù kéré, ọwọ́ ògiri ò tó o lára, tó bá bọ́ agbádá ìhòòhò ló máa wà, ló bá kọ̀, ló bá wà lẹ́yìn odi. Bodè yẹn lè gba pọtáṣíọ̀mù tó sún mọ́ mílíọ̀nù 100 kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kó tó ṣèèṣì gba sódíọ̀mù ẹyọ kan kọjá ó ti gba pọtáṣíọ̀mù bíi 10,000. Mò ń sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ohun tí dókítà sọ fún yín kì í ṣe àbá, wọ́n ti fojú rí i.

Ó kan ọkàn wàyí. Tí ọkàn bá fẹ́ lù, sódíọ̀mù á kọ́kọ́ rọ́ wọlé, kálísíọ̀mù á tẹ̀ lé e, ọkàn á fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á jáde. Lẹ́yìn náà ló kan pọtáṣíọ̀mù, òun á jáde síta, ìjáde ẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí ọkàn sinmi kó lè tún múra àtilù. Tí bodè pọtáṣíọ̀mù ò bá ṣí dáadáa, tàbí tí wọn ò pọ̀ tó, ìsinmi yẹn á pẹ́ kó tó dé. Tí nǹkan bá wá ta ọkàn jí kó tó sinmi tán, kò ní lù bó ṣe yẹ mọ́, á kàn máa gbọ̀n wìrìwìrì, ọkàn tó ń gbọ̀n ò sì lè ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Ibi téèyàn ti ń ṣubú nìyẹn. Ọpọlọ tí ò rí ẹ̀jẹ̀, ara ẹni náà á máa jà, ojú á yí, á lè tọ̀ sára, ẹni tó ń wò ó á pariwo wárápá. Tí ọkàn bá fúnra ẹ̀ padà sípò, á lajú. Tí ò bá padà, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí, ẹ ti rí i.

Ẹni tí wárápá gidi mú, lọ́pọ̀ ìgbà ọpọlọ ẹ̀ máa ń dàrú fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, á sùn, kò ní mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ yín lajú, ó ń bi yín pé màmá kí ló dé. Gbólóhùn kékeré yẹn nínú lẹ́tà yín ló kọ́kọ́ ta mí lólobó kí n tó dé ibi tẹ́ ẹ ti dárúkọ long QT, torí pé nídìí ẹ̀rọ ECG, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí bébà, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti bí ọdún mọ́kànlá.

Bébà ECG yẹn, tẹ́ ẹ bá ní in lọ́wọ́, ẹ mú un jáde. Àpótí kéékèèké ló wà lára ẹ̀, pupa rẹ́súrẹ́sú, àpótí kékeré kan dúró fún ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ máa rí ibi tí ìlà ti yọ ṣóńṣó sókè, ìgbà tí ọkàn fún pọ̀ nìyẹn, lẹ́yìn ẹ̀ ẹ máa rí òkè kékeré kan tó rọra ga tó rọra lọ sílẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní T, ibẹ̀ ni ọkàn ti ń sinmi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ṣóńṣó yẹn dé ìparí òkè kékeré yẹn ni QT. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ ń lù ní 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, àpótí 10 tàbí 11 ló yẹ kó jẹ́. Mo rántí ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, wọ́n gbé e wá nítorí pé ó ṣubú nígbà tí ọ̀gá ẹ̀ fun họ́ọ̀nù mọ́tò sí i létí. Mo fi ẹnu bírò ka àpótí ẹ̀, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, 13. Kò sí ariwo kankan nínú bébà yẹn o, ìlà kékeré tó kàn gùn ju bó ṣe yẹ lọ ni, ẹlòmíì ti wò ó ṣáájú mi, ó ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Ìdí tí mo fi máa ń bẹ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa nìyẹn pé kí wọ́n ka àpótí fúnra wọn, kí wọ́n má gbára lé ohun tí ẹ̀rọ bá kọ.

Bodè yìí ju oríṣi kan lọ nínú ọkàn, ohun tó ń ta ọkàn jí sì yàtọ̀ síra. Àwọn tí bodè tó ń jẹ́ KCNQ1 bàjẹ́ fún, eré sísá ló máa ń mú wọn, pàápàá jù lọ odò wíwẹ̀, ọmọ á bẹ́ sómi kò ní jáde mọ́, wọ́n á ní òògùn ni tàbí kí wọ́n ní kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Àwọn tí bodè hERG bàjẹ́ fún, ariwo òjijì ni, àláàmù, fóònù tó dún lóru, àrá, ìbọn, ẹni tó pariwo lé wọn lórí. Ìyá mi, ẹ̀gbọ́n àrá, àbúrò àláàmù. Mi ò lè fi lẹ́tà ṣe tẹ́ẹ̀sì o, àyẹ̀wò jíìnì, ìyẹn ohun tá a jogún lára òbí, nìkan ló lè sọ ọ́ dájú, àmọ́ bí ẹ bá fi ohun tẹ́ ẹ kọ han dókítà ọkàn èyíkéyìí, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ tọ́ka sí.

Orúkọ hERG yẹn, lọ́dọ̀ kantíkantí ló ti wá, àwọn kòkòrò kéékèèké tó máa ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ti pọ́n jù. Láwọn ọdún 1960 ní Amẹ́ríkà àwọn kan fi oògùn ether kun wọn lóorun, wọ́n rí i pé àwọn kan lára wọn ò sùn jẹ́ẹ́, ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n bí ẹni tó ń jó nílé fàájì, ni wọ́n bá sọ wọ́n lórúkọ ijó ìgbà yẹn, ether-à-go-go. Ta ló mọ̀ pé ohun tó ń mú kantíkantí jó ló ń mú ọmọ èèyàn ṣubú? Àmọ́ ní 1995, àwọn tó ń ṣèwádìí ní Utah fi hàn pé jíìnì èèyàn tó jọ ti kantíkantí yẹn ló bàjẹ́ nínú àwọn ìdílé kan tí long QT ń jà.

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ lórí àbíkú tí wọ́n pè é. Mi ò ní sọ pé gbogbo ọmọ tí wọ́n pè lábíkú ni long QT pa, irọ́ ni yẹn máa jẹ́, sickle cell àti ibà pa wọ́n jù ú lọ fíìfíì. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí. Ní 1957, dókítà méjì ní Norway, Jervell àti Lange-Nielsen, kọ̀wé nípa ìdílé kan tó bí ọmọ mẹ́fà, mẹ́rin nínú wọn dití látìgbà tí wọ́n ti bí wọn, àwọn mẹ́rin yìí náà ló máa ń dákú, mẹ́ta sì kú lójijì. Kí ló pa etí àti ọkàn pọ̀? Bodè kan náà ni. Omi kan wà nínú etí tó gbọ́dọ̀ kún fún pọtáṣíọ̀mù kéèyàn tó lè gbọ́ràn, bodè KCNQ1 yẹn ló ń gbé e síbẹ̀. Ọmọ tó bá gba jíìnì tó bàjẹ́ látọ̀dọ̀ bàbá àti látọ̀dọ̀ ìyá, etí lọ, ọkàn ò fọkàn balẹ̀. Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tó dití látinú oyún, tó sì tún máa ń dákú, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ gbé e lọ ṣe ECG lọ́sẹ̀ yìí. Kì í pẹ́, kì í dunni, kì í ṣe abẹ́rẹ́.

Èyí tó wà lára ọmọ yín, òbí kan ṣoṣo lè ní in kó sì fún ọmọ, ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá bí, bí owó ẹyọ tá a ta sókè ló rí, ó lè jẹ́ orí, ó lè jẹ́ ìrù. Torí náà ẹ̀yin àti bàbá wọn àti gbogbo ọmọ tó kù, kẹ́ ẹ lọ ṣe ECG. Kì í ṣe ká lè mọ ẹni tó kó o wọlé o, ẹ má jẹ́ kí ẹbí sọ ọ́ di ìyẹn. Òbí náà lè máa gbé e kiri láìmọ̀, kí ọjọ́ kan sì dé.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe báyìí. Oògùn tí wọ́n máa ń fún wọn, propranolol tàbí nadolol, ó máa ń dí ìjayà lọ́wọ́ kó má ta ọkàn jí, kò gbọ́dọ̀ fo ọjọ́ kankan, kò sì gbọ́dọ̀ déédéé já a sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ara bá yá torí ewu pọ̀ níbẹ̀. Àwọn tí tiwọn le, wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ kékeré kan sábẹ́ awọ àyà tó máa ń dá ọkàn padà tó bá ti fẹ́ máa gbọ̀n. Fóònù, ẹ gbé e kúrò ní yàrá ẹ̀ lálẹ́ yìí, ẹ má dúró de ọ̀la. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa jí i, kẹ́ ẹ rọra fọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀, kẹ́ ẹ pe orúkọ ẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ sọ fún tíṣà ẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má pariwo lé e lórí lójijì.

Oògùn wá ni olórí ọ̀rọ̀, torí pé àwọn oògùn kan wà tó máa ń dí bodè hERG pa, kódà lára ẹni tí jíìnì ẹ̀ dáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà tó bẹ́ẹ̀ ẹ máa rántí Halfan, oògùn ibà tí gbogbo èèyàn ń rà ní kẹ́mísì láwọn ọdún 1990. Ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín ẹ̀yà Karen ní ẹnubodè Thailand, tó jáde ní 1993, fi hàn pé ó ń mú QT gùn. Ní Amẹ́ríkà wọ́n kó terfenadine, oògùn ara yíyún, kúrò lọ́jà ní 1998, wọ́n kó cisapride tó wà fún inú kíkún kúrò ní 2000, ohun kan náà ni ẹ̀ṣẹ̀ àwọn méjèèjì, látìgbà yẹn oògùn tuntun ò sì ń jáde láìjẹ́ pé wọ́n wo ohun tó ń ṣe sí bodè yìí. Àmọ́ àwọn tó ṣì wà lọ́jà tó lè dí i pọ̀: erythromycin, chloroquine, quinine, haloperidol, fluconazole, kódà Coartem, ìwé inú páálí ẹ̀ kìlọ̀ fún ẹni tí wọ́n bí long QT mọ́. Èyí ò ní kí ibà wá máa pa á o! Tí ibà bá mú un, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ sọ pé long QT ló ní, wọ́n á yan èyí tó dáa fún un. Ẹ kọ ọ́ sórí páálí kékeré kẹ́ ẹ fi sínú báàgì ẹ̀, kó máa fi hàn ní kẹ́mísì kó tó gbé oògùn kankan mì.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ́ ẹ bi mí. Kàyéfì bodè yìí ni pé tí pọtáṣíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, bodè á tún ṣíwọ́ iṣẹ́ sí i, QT á tún gùn. Torí náà kó máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀, ọsàn ẹ̀, ẹ̀fọ́ ẹ̀. Ohun tí mo bẹ̀rù fún un ni ìgbẹ́ gbuuru àti èébì, wọ́n máa ń gbá pọtáṣíọ̀mù lọ. Ẹni tó ní long QT kò gbọ́dọ̀ mu àgbo jẹ̀dí tó ń sáré ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà lóru. Mo mọ̀ pé ìyá àgbà máa ní ó ń fọ inú. Ẹ fún ìyá àgbà ní ìwé ìròyìn yìí kó kà á.

Tó bá tún ṣubú ńkọ́? Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má da epo tàbí ìtọ̀ màlúù sí i lẹ́nu, ẹ má fi ẹsẹ̀ ẹ̀ sínú iná. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, tí kò bá mí dáadáa tí kò dáhùn, kí ẹnì kan pe 112, ní Èkó ẹ lè pe 767, kí ẹlòmíì kó ọwọ́ méjèèjì lé ara wọn sí àárín àyà ẹ̀ kó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́fà, kó yára tó 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kó má dúró títí ọmọ á fi jí tàbí títí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á fi dé. Gbogbo ẹni tó wà nílé yín ni kó kọ́ ọ. Kódà ọmọ ọdún 12.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 9, ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n rí àtọ̀gbẹ lára ẹ̀, abẹ́rẹ́ ínsúlínì lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ọkàn mi ń gbọgbẹ́. Àbúrò mi ní London gbọ́ pé àwọn ọmọ kan wà níbẹ̀ tó já abẹ́rẹ́ sílẹ̀, Daonil ni wọ́n ń lò. Bàbá mi ń lo Daonil, ó wà nílé. Ṣé kí n dán an wò? (Bàbá kan, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Rárá o, bàbá! Ẹ má dán an wò. Tẹ́ ẹ bá gba ínsúlínì lọ́wọ́ ọmọ yẹn, ọjọ́ díẹ̀ ló máa fi wọ kóòmà. Òótọ́ ni àbúrò yín gbọ́, àmọ́ ọmọ mìíràn ni.

Sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlínì náà ní bodè pọtáṣíọ̀mù tiẹ̀. Téèyàn ò bá tíì jẹun, bodè wà ní ṣíṣí, sẹ́ẹ̀lì sinmi. Téèyàn bá jẹ ẹ̀bà, ṣúgà á wọnú sẹ́ẹ̀lì, agbára tó ti inú ṣúgà yẹn jáde á ti bodè pa, títì yẹn ló máa jẹ́ kí kálísíọ̀mù wọlé kí ínsúlínì sì tú jáde. Frances Ashcroft ní Oxford ló rí ìyẹn ní 1984. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú bodè tó kọ̀ tí ò tì, ṣúgà á pọ̀ tó bá ti lè pọ̀, bodè ṣì ṣí gbayawu, ínsúlínì kún inú sẹ́ẹ̀lì kò jáde. Ní 2004, Gloyn, Hattersley ní Exeter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí jíìnì tó ń fà á. Daonil, tó jẹ́ glibenclamide, iṣẹ́ ẹ̀ gan-an ni láti ti bodè yẹn pa, ohun tó sì ń ṣe lára bàbá yín nìyẹn. Wọ́n fún àwọn 49 tó ní irú jíìnì yẹn ní oògùn yìí, 44 nínú wọn já abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn ní 2006. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, omi bọ́ lójú mi.

Àmọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí, kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́fà ni àtọ̀gbẹ ti mú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Ọmọ yín ti pé ọdún méje kí tiẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlínì gan-an ló bàjẹ́, kò sí bodè tí Daonil máa tì. Ẹ máa fún un ní abẹ́rẹ́ ẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí àtọ̀gbẹ mú ọmọ yín ní jòjòló, oṣù kan, oṣù mẹ́ta, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀: ẹ ní kí dókítà yín kọ̀wé sí Exeter, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń yẹ jíìnì irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wò láti orílẹ̀-èdè gbogbo, ẹ̀jẹ̀ nìkan ló máa rìnrìn-àjò, ẹ̀yin ò ní lọ. Kẹ́ ẹ má sì dá oògùn yí padà fúnra yín kí èsì tó dé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán ma. SS ni mí, mo wà ní yunifásítì. Látìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń pariwo pé mu omi, mu omi. Mo ń mu ún ma, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ ìdí ẹ̀ fún mi rí. (Ọmọ yín, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ìbéèrè tó dáa. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé atẹ́gùn kiri lára tìẹ, tó bá ti fún atẹ́gùn ẹ̀ sílẹ̀ ó lè tẹ̀ bí dòjé. Gbogbo ìgbà tó bá tẹ̀, ara ẹ̀ á ya díẹ̀, kálísíọ̀mù á yọ́ wọlé. Kálísíọ̀mù yẹn á wá ṣí bodè pọtáṣíọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní Gárdos, orúkọ ará Hungary tó kọ̀wé nípa ẹ̀ ní 1958. Pọtáṣíọ̀mù á jáde, omi á tẹ̀ lé e, sẹ́ẹ̀lì á gbẹ, á fún pọ̀. Ohun tó ń mú un tẹ̀ á wá kún inú ẹ̀ dìgbìdìgbì, ìgbà mìíràn á tún yára tẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ibi tí omi ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Omi tó ò ń mu ò ti bodè o, àmọ́ ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó yí sẹ́ẹ̀lì ká má ki jù, kí gbígbẹ yẹn má burú sí i.

Wọ́n ti gbìyànjú àtiti bodè yẹn. Clotrimazole, oògùn inú ọ̀dá tá a fi ń pa làpálàpá, ó ń tì í, inú ẹ̀ ni wọ́n ti ronú kan òmíràn tó ń jẹ́ senicapoc. Sẹ́ẹ̀lì ò gbẹ mọ́, ẹ̀jẹ̀ ò tètè tán mọ́, àmọ́ ìrora tó ń gbé yín dé ọsibítù ò dín kù, ni wọ́n bá dá a dúró. Ó dùn mí gan-an torí mo ti fọkàn sí i. Má lọ jẹ ọ̀dá làpálàpá o, ara ni wọ́n ń fi í kùn. Ohun tó wà tó ń ṣiṣẹ́ ni hydroxyurea, tí wọn ò bá tíì bá ẹ sọ ọ́ ní clinic, ìwọ ni kó o béèrè. Tó o bá ń lọ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, gbé ike omi ẹ dání, tí wọ́n bá ní o ò lè gbé e wọlé, ní kí wọ́n pe dókítà iléèwé.

ÌBÉÈRÈ: Nọ́ọ̀sì, kíndìnrín mi ò lágbára mọ́, wọ́n ní pọtáṣíọ̀mù mi 5.9. Wọ́n gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà lọ́wọ́ mi. Kí ni kí n máa jẹ? (Bàbá àgbà, Adó-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ara líle. 3.5 sí 5.0 ló yẹ kó wà, kíndìnrín ló ń da èyí tó bá ṣẹ́ kù nù, tiyín ò dà á nù mọ́. Tó bá ti pọ̀ jù lẹ́yìn odi, ọkàn ò ní mọ ìgbà tó máa lù àti ìgbà tó máa sinmi, òun ni wọ́n ṣe gbà á lọ́wọ́ yín. Ìrẹsì funfun ò burú. Iṣu, kí wọ́n bó o, kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́, kí wọ́n fi omi púpọ̀ sè é kí wọ́n da omi náà nù, kó má pọ̀ nínú àwo. Ẹ̀fọ́ náà bẹ́ẹ̀. Omi àgbọn, rárá. Tòmátò inú agolo, kó dín kù. Iyọ̀ tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n kọ sí lára pé sódíọ̀mù ẹ̀ kéré, ẹ ní kí àwọn ọmọ yín ka ẹ̀yìn ẹ̀, pọtáṣíọ̀mù ni wọ́n máa ń fi rọ́pò nínú ọ̀pọ̀ wọn. Tẹ́ ẹ bá ń lo ibuprofen fún orúnkún tó ń dùn yín, ẹ sọ fún dókítà, òun àti lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, lè máa gbé pọtáṣíọ̀mù ga.

Tẹ́sẹ̀ yín bá ṣàdédé rọ tàbí tí àyà yín ń lù kó máa dúró díẹ̀díẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ clinic, kí wọ́n gbé yín lọ lóru yẹn náà.